Ẹ̀gbọ́n Tó Jókòó Láàárín Àwọn Olùbéèrè

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Adúmáadán, fi kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń dáhùn ìbéèrè níwájú ọ̀pọ̀ ọ̀gá. Ìyá náà to àga mẹ́ta sí pálọ̀, ó gbé ìrọ̀rí jókòó sórí wọn bí èèyàn, ó wá ń ti ẹ̀yìn ọ̀kan bọ́ sí ẹ̀yìn èkejì, ó ń yí ohùn padà. Ó ní ẹni tó bá béèrè ni kó kọ́kọ́ wò, àmọ́ kó pín ojú fún àwọn tó kù kó tó parí ọ̀rọ̀. Bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pa pọ̀, kó dá ọ̀kan lóhùn, kó bẹ èkejì pé òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ olùtọ́jú yàrá oògùn ló ń wá, ní ọsibítù ńlá kan. Adúmáadán ti fi ọdún méje ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, jẹ́ ọ̀gá ní ọsibítù ọ̀hún. Òun ló ní kó kọ̀wé, tó sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé òun ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojúsàájú ni.

Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, dókítà àgbà wà lápá ọ̀tún, olórí àwọn nọ́ọ̀sì wà lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó sáàárín, ó ń ṣí fáìlì.

Adúmáadán ti fẹ́ kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ jókòó, màdáámù," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, kò gbójú sókè. Láti kékeré, kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

Ó jókòó. Dókítà bi í bó ṣe máa ń ṣe kí oògùn má baà bàjẹ́ sórí pẹpẹ. Ó ń ṣàlàyé pé àwọn tí ọjọ́ wọn ń sún mọ́ lòun máa ń tò síwájú, ni olórí nọ́ọ̀sì bá tún béèrè tirẹ̀. "Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, mà," ló dá a lóhùn, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ara Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé bírò sílẹ̀.

"Ọdún mẹ́rin kan wà tẹ́ ẹ ò ṣiṣẹ́ rárá. Kí lẹ ń ṣe?"

Adúmáadán rò pé etí òun ló ṣì gbọ́. Ọdún mẹ́rin tó fi ń wẹ ìyá wọn, tó ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, kí ìyá ọ̀hún tó kú. Ọdún mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì péré, tí ìdí rẹ̀ ò kan àga.

"Ìyá mi ni mò ń tọ́jú, sà. Apá kan ara wọn ti rọ."

"Ṣé kò sẹ́lòmíràn nínú ẹbí yín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Àmọ́ ó rí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń ṣí ojú ewé fáìlì láì kà á, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan. Ọwọ́ wọn dí."

Olórí nọ́ọ̀sì pòṣé. "Irú ẹ̀gbọ́n wo nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó kàn.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ó ní àwọn méjì tó kù fẹ́ kí wọ́n gbà á, àmọ́ òun ò lè jẹ́ kí wọ́n wá mọ̀ lọ́jọ́ iwájú pé àbúrò òun ni, lẹ́yìn ohun tó sọ níwájú wọn. Òun fún un ní máàkì tó kéré débi tí kò lè wọlé.

"O dójú tì mí," ló ní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ìyá ìyàwó òun ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ àwọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́.

"Níwọ̀n bọ́wọ́ ẹ ti ṣófo báyìí, tó o sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn, kó o máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Mi ò ní wá, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìgbéraga yìí gan-an lòun kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì pa fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fúnra rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Adúmáadán wà nínú ilé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń kanlẹ̀kùn tó ń sunkún, kò sì dìde títí ó fi rẹ obìnrin náà, tó sì lọ.