Omi Ahun

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe àdúà ogójì ọjọ́ Àjọkẹ́ ni ọkọ rẹ̀, Sàlíhù, ti ń se ẹ̀wà fúnra rẹ̀, ẹ̀wà náà kò sì jọ ti Àjọkẹ́ rí. Ó rẹ ẹ́ mọ́jú, ó dín iná kù, ó tún koná mọ́ ọn. Hóró ẹ̀wà ṣì ń le lábẹ́ eyín. Ọkùnrin tí gbogbo Èsìé ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá bá, tó lè fi etí lásán mọ èyí tí òróró gbẹ nínú rẹ̀, kò mọ ohun tó ń ṣe ìkòkò tirẹ̀.

Ti ẹ̀wà nìkan kọ́ ló ń dùn ún. Ọdún keje rèé tó ti gbẹ́ kànga dẹ̀rọ sẹ́yìn ilé, kí Àjọkẹ́ lè sinmi odò. Àjọkẹ́ bẹ̀ ẹ́ nígbà náà pé kó fa páìpù kan wọ ilé ìdáná. Sàlíhù ní, "Ẹnu ẹ̀rọ kan ti tó." Kò pẹ́ sí i, ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń bá Rhoda, aládùúgbò wọn, sọ̀rọ̀:

"Ahun ni, Ìyá Aaron. Ó mọ gbígbà, kò mọ fífúnni."

Rhoda rẹ́rìn-ín títí. Sàlíhù rọra padà sẹ́yìn. Kò bi í léèrè. Ó fa páìpù náà wọ ilé ìdáná, ó tún ra ìró tuntun lé e. Àjọkẹ́ dúpẹ́, ó ṣàdúà fún un. Síbẹ̀ kò fi omi páìpù yẹn se oúnjẹ lọ́jọ́ kan. Omi òjò tó gbè sínú àmù ló ń lò, bí òjò bá sì wọ́n, á gbé korobá, á gba odò lọ. Sàlíhù a máa wò ó lẹ́yìn bó ti ń lọ, á ní nínú ara rẹ̀ pé, "N kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn."

Ní báyìí, àmù náà wà ní igun ilé ìdáná. Omi tí Àjọkẹ́ gbè nígbà òjò ìkẹyìn ló kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Sàlíhù dé e lọ́mọrí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bù ú.

Ní Sátidé kan tí ọyẹ́ mú, Yusrah, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Òrò, wá fọ aṣọ fún un. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Bàbá, ọṣẹ ti tán lọ́wọ́ mi o! Omi ahun yín yìí tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ìṣó ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń tún ṣe bọ́ lọ́wọ́ Sàlíhù. "Kí lo pè é?"

"Omi ahun. Àbí ẹ ò mọ̀ ni? Orúkọ tí Màámi sọ ọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí omi ti kọ́kọ́ jáde. Ẹ wo ọpọ́n, ẹ wò ó." Èérí funfun ló léfòó lójú omi, bíi wàrà tó dì. "Ó ń gba ọṣẹ, kò fún èèyàn ní ìfófó. Kí ni wọn ò bá pè é?"

"Omi ni ahun?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Sàlíhù dìde. Ó wọlé, ó wá ìgò méjì. Ó bu omi ẹ̀rọ sí ọ̀kan. Ó wá ṣí ọmọrí àmù, ó bu díẹ̀ sí èkejì. Ó gé ọṣẹ dọ́gba sínú wọn, ó mì wọ́n jìgìjìgì. Omi àmù hó títí tó fi kan ìdérí. Ti ẹ̀rọ dàrú bí omi ẹ̀kọ. Ìfófó díẹ̀ tó yọ kú lójú ẹsẹ̀. Ó gbé kẹ́tù tó fi ń se tíì, ó wo inú rẹ̀: èépá funfun ti bo ìdí rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ó le bí òkúta.

Ìgbà náà ló yé e. Inú àpáta ni omi yìí gbà wá, ó ti jẹ òkúta yó kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Òkúta yẹn ló ń pa ọṣẹ, òun náà ló ń mú awọ ẹ̀wà le. Omi òjò ní tirẹ̀ kò tíì jẹ nǹkan kan. Inú Sàlíhù dùn bí ìgbà tó bá rí ibi tí òwú ti ń há nínú ẹ̀rọ. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná láti sọ ọ́ fún Àjọkẹ́.

Aṣọ ìkélé nìkan ló ń mì níbẹ̀.

"Bàbá," ni Yusrah wí lẹ́yìn rẹ̀, "ṣé kí n fi omi àmù yẹn se ẹ̀wà fún yín?"

"Lórí omi yìí, ahun paraku ni mí."

Yusrah bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́. Nígbà tó dìde, òun fúnra rẹ̀ ló mú igbá, ó sì ń bu omi náà sínú ìkòkò títí igbá fi ha ìdí àmù.

Kí wọ́n tó pe ìrun alásàrí, ẹ̀wà ti rọ̀. Sàlíhù fi ṣíbí bù ú sẹ́nu, ó fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́, ó tú.

"Òun nìyẹn," ló wí, ó sì jẹ ẹ́ títí àwo fi mọ́.

Lẹ́yìn náà ó gbé àmù náà jáde, ó gbé e sí ibi tí Àjọkẹ́ máa ń gbé e sí lábẹ́ etí òrùlé nígbà òjò.

"Bàbá, òjò ṣì jìnnà o."

"Mo mọ̀," ni Sàlíhù wí. Ó fa àpótí sún mọ́ àmù, ó jókòó.