Orúkọ Tí Phebe Pa Rẹ́

Ní gbogbo agboolé Ọláìtán ní Iléṣà, Phebe nìkan ni ó mọ ìwé kà. Olùkọ́ ìjọ kan ní Ìbòkun ló tọ́ ọ dàgbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti kàwé dé ìwé kẹrin kí Ọláìtán tó fẹ́ ẹ sílé, tí ó sì bí Ìbídùn fún un. Ọláìtán fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju kí ó tẹ àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n bí ìwé bá dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba tàbí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Á mú un lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, á jókòó, á káwọ́ lérí orúnkún. Ohun tí Phebe bá ní ó wà níbẹ̀ náà ló wà níbẹ̀. A sì máa fi yangàn lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi ò lọ sílé ìwé, ilé ìwé ló wá bá mi gbélé."

Ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni Ọláìtán pinnu láti kọ́lé. Kòkó ti ṣe dáadáa, ilé àjogúnbá tí òun àti Fáṣínà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń gbé sì ti kún dẹ́nu. Ó ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Iperindo, kí ó lè máa tètè dé oko. Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún un ní Òṣogbo, Àkànó, káfíńtà àgbàlagbà kan tí ó tún mọ àwòrán ilé yà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Àkànó ní kí Ọláìtán dárúkọ gbogbo ẹni tí yóò gbé inú ilé náà, kí ó sì sọ ibi tí ó fẹ́ kí olúkúlùkù máa sùn. Tàdáwà ló fi fa ìlà ògiri, ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù ló fi kọ orúkọ sínú yàrá kọ̀ọ̀kan.

"Èèyàn máa ń yí ọkàn padà kí ògiri tó dìde," ni ó wí.

Ìwé náà dé ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọláìtán gbé e fún Phebe bí ó ti wà ní kíká, ó ní, "Bá mi tọ́jú rẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n bá ti oko dé, o ó kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa."

Phebe kò lè dúró di ìrọ̀lẹ́. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó tẹ́ ìwé náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rí pàlọ̀ níwájú, ó rí yàrá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ọkọ rẹ̀ ni yàrá kan wà tí ó ní fèrèsé méjì síhà ìlà-oòrùn, tí ìlẹ̀kùn kan sì já láti inú rẹ̀ sí ti ọkọ. Ó wo orúkọ tó wà nínú rẹ̀. Adétutù ni. Ó wá tirẹ̀ títí, ó rí i lẹ́yìn pátápátá, ibi tí ògiri yàrá ti pàdé ògiri ilé ìdáná.

Adétutù ni ìyàwó kejì, kò tíì pé ọdún márùn-ún tó wọlé. Ikọ́ kan ń bẹ lára rẹ̀ tí í dè é lọ́nà ọ̀fun bí èéfín bá ti kan imú rẹ̀. Phebe mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí òun ló máa ń fi àdín pa á láyà títí èémí rẹ̀ yóò fi já gaara. Ó mọ ìdí tí ọkọ àwọn fi ṣètò yàrá báyìí. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò kúrò lára orúkọ méjèèjì. Ìyáálé lẹ́yìn lọ́dọ̀ ìkòkò, ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ! Ohun tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yóò máa sọ bí wọ́n bá wá kí i ló kọ́kọ́ gbọ́ nínú orí rẹ̀.

Ó bu inú búrẹ́dì, ó fọwọ́ lọ̀ ọ́ títí ó fi ṣù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Ìbòkun nígbà tí kò sí rọ́bà. Ó fi pa orúkọ méjèèjì rẹ́. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó wo bí Àkànó ti ń kọ̀wé, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ibi tí ti Adétutù wà, ó kọ ti Adétutù sẹ́yìn. Kò gbà á lákòókò ju kí èèyàn jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ.

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, Fáṣínà jókòó sórí àga, Ọláìtán jókòó tì í, Adétutù pọn ọmọ, ó fara ti ògiri. Phebe tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ yàrá kan lẹ́yìn èkejì.

"Èyí ni pàlọ̀. Èyí ti Bàbá Ìbídùn. Èyí tó tẹ̀ lé e, Phebe ló kọ síbẹ̀. Ti ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, Adétutù."

Ọláìtán gbójú sókè. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́, Bàbá Ìbídùn."

Ọláìtán họ orí. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ lójú ẹ̀gbọ́n àti lójú ìyáálé pé kí wọ́n gbé ìyáálé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun? Adétutù ló yọ ọ́. "Ibi tí wọ́n bá fi mí sí náà ló tẹ́ mi lọ́rùn," ni ó wí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbídùn, tí ẹ kà á fún wa. Báwo ni àwa ì bá ṣe mọ̀?"

Ọpẹ́ yẹn wọ Phebe lára bí ẹ̀gún, ṣùgbọ́n ó ká ìwé náà, ó sì gbé e pamọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gún èèkàn, tí wọ́n fẹ́ na okùn sí ibi tí ògiri yóò gbà, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni Àkànó bá dé láti Òṣogbo. Gbogbo ilé ló tẹ̀ lé e lọ sórí ilẹ̀. Ó na okùn, ó gún èèkàn, ó ń sọ orúkọ yàrá bí ó ti ń lọ, ẹ̀dà ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Phebe kò mọ̀ pé ó ní ẹ̀dà.

"Ibi tí mo dúró sí yìí, yàrá Adétutù nìyí."

"Kí lo wí?" ni Fáṣínà bi í. "Ti ìyáálé ni wọ́n kà fún wa síbẹ̀."

Wọ́n tẹ́ ìwé méjèèjì sórí ilẹ̀. Àkànó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ìwé tó ti ilé wá, níbi tí búrẹ́dì ti họ ọ́. Ó gbé ojú sókè, ó wo Phebe. Kò wò ó pẹ́. Phebe yí ojú rẹ̀ sára okùn.

"Ìwé méjì fún ilé kan!" Fáṣínà ti gbaná jẹ. "Tí ògiri bá ti dìde ńkọ́? Ṣé báyìí ni ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo?"

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Àkànó wí. "Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í kọ."

Ọláìtán mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé bí mo ṣe sọ ọ́ fún un kọ́ nìyẹn. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí ni kí o tẹ̀ lé." Lẹ́yìn náà ó fi ohùn tútù sọ fún un pé bí ó bá gún èèkàn tán, kí ó máa lọ, ẹlòmíràn ni yóò ṣe ìlẹ̀kùn àti fèrèsé.

Àkànó gún èèkàn tó kù. Ó gún wọn dáadáa.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Phebe gbọ́ pé Ọ̀ṣuntókun, tí ó ra ilẹ̀ tó wà lápá òsì ilẹ̀ wọn, tí ó ti bá Àkànó sọ̀rọ̀ ilé tirẹ̀, ti lọ bá ẹlòmíràn. Fáṣínà ló sọ fún Ọ̀ṣuntókun pé Àkànó kò mọ iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà oúnjẹ kò dùn lẹ́nu Phebe mọ́. Bí Adétutù bá kí i, bí ẹni bú u ni. Nígbà tí ó yá, ó ní òun fẹ́ lọ ra aṣọ ní Òṣogbo, ó wọ bọ́lẹ̀kájà.

Ó bá Àkànó nídìí pákó tí ó ń fá. Ọkùnrin náà gbọn eruku kúrò lórí àpótí, ó ní kí ó jókòó. Phebe kò jókòó, orí èérún pákó ló kúnlẹ̀ sí.

"Ẹ dìde, ìyá," ni Àkànó wí. "Mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà kọ́ nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ilé onílé ni mo wà. Bí mo bá sọ ọ́, ilé tí mo wá fi èèkàn lélẹ̀ fún ni màá tú ká. Mo rò pé ẹ̀yin fúnra yín máa sọ ọ́ kí oòrùn tó wọ̀." Ó mú ohun èlò rẹ̀ padà. "Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, Ọlọ́hun náà sì ti gbọ́. Àmọ́ Ọ̀ṣuntókun ò gbọ́."

Bí Phebe ṣe délé, ó ní kí wọ́n pe Fáṣínà, kí wọ́n pe Adétutù. Ó sọ ọ́ fún wọn lórí ìkúnlẹ̀, láti orí búrẹ́dì títí dé ṣọ́ọ̀bù Àkànó. Fáṣínà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Háà, ìwé!" Adétutù kò pariwo. Ó kàn wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àdín pa mí láyà?"



Ọláìtán yíjú sí Phebe, ohùn rẹ̀ kò ga. "Ìwé tó wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba lọ́dún tó kọjá, tí o kà fún mi, ṣé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn?"

"Òun ni, Bàbá Ìbídùn. Ọlọ́run gbọ́, òun ni."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Ní ọjọ́ kejì Ọláìtán lọ sí Òṣogbo, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àkànó. Àkànó ló ṣe ìlẹ̀kùn àti fèrèsé ilé náà, wọ́n sì dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé Ọ̀ṣuntókun ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, bí ìwé bá dé, Ọláìtán á mú un lọ́wọ́, á gba iwájú Phebe kọjá, á gbé e lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ ìjọ tó wà ládùúgbò. Kò bú u, kò lù ú, kò sì kọ oúnjẹ rẹ̀. Ìbá sàn kí ó bú u.

Wọ́n kó wọ ilé tuntun nígbà ọyẹ́. Phebe ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Adétutù wá bá a níbẹ̀, lẹ́tà kan lọ́wọ́ rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Kúmásí. Ó nà án sí i.

"Ẹ bá mi kà á."

Phebe gbà á, ó tú u. Ó ka ìkíni, ó ka ọ̀rọ̀ òwò, ó ka ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ó dé ibì kan, ohùn rẹ̀ dá. Adétutù kò mira, kò ní kí ó máa kà á lọ. Phebe kà á: "Mo gbọ́ ohun tí ìyáálé rẹ ṣe. Olè ni obìnrin náà. Má ṣe fi ohunkóhun rẹ lé e lọ́wọ́." Ó kà á dé òpin, ó ka orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Adétutù gba lẹ́tà náà, ó ká a.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni olùkọ́ ṣe kà á fún mi lánàá," ni ó wí.

Ó jáde, ó rọra pa ìlẹ̀kùn dé. Phebe jókòó síbi tí ó wà, ojú rẹ̀ nílẹ̀, títí ẹnìkan fi pè é láti ilé ìdáná pé omi ti hó.