Asẹ́ Ariwo

Àwòrán ọ̀gá àgbà dì síbi tó ti la ẹnu. Ojú kan là, ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín. Lára ògiri yàrá ìpàdé, níbi tí orí rẹ̀ ti tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó, wọ́n ń wo eyín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ògiri yẹn, yàrá kékeré kan wà tó kún fún wáyà àti iná wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́jú. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìpàdé ló jókòó síbẹ̀. Ó na ọwọ́, ó pa àwòrán. Ògiri ṣókùnkùn. Ohùn ọ̀gá sì padà dé, ó já gaara, ó ń bá ọ̀rọ̀ ọjà tí kò tà lọ bí ẹni pé nǹkankan ò ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ tirẹ̀ lókè òkun, nǹkankan ò ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Akápò iléeṣẹ́ yọ orí wọlé, ó ní kí ló dé tí ojú ọ̀gá fi pòórá.

"Ọ̀nà há lónìí," obìnrin náà dáhùn. "Àwòrán wúwo, ohùn fúyẹ́. Tí àwọn méjèèjì ò bá lè kọjá, mo máa ń jẹ́ kí ohùn kọjá."

"Ẹ ò bá jẹ́ kó dì bẹ́ẹ̀. Tó bá dì, kò lè lé ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́."

Akápò lọ. Ìyá Ìpàdé kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé àwàdà náà kò dùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Kò bímọ fún ẹnikẹ́ni nínú iléeṣẹ́ náà. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí pé kò sí ìpàdé kankan láàárín ẹ̀ka ilé àti ẹ̀ka òkèèrè tó lè wáyé àfi tó bá wà nídìí ẹ̀rọ. Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, gbólóhùn kan ló máa ń gbọ́ jù: ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹni tó ń pàṣẹ ń sọ ọ́, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ń sọ ọ́. Ó máa ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ náà, ó máa ń ṣàlàyé fún wọn. Ẹ̀rọ kì í gbé ọ̀rọ̀ ní odindi. Ó máa ń gé e wẹ́wẹ́, bí ẹni gé ilá, á kọ ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan ń lọ sí i lára, á tú wọn sílẹ̀. Wọn kì í gba ọ̀nà kan náà. Ẹ̀rọ kan á fi lé ẹ̀rọ mìíràn lọ́wọ́, títí wọn á fi dé ọ̀hún, tí wọn á sì tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe jáde lẹ́nu. Èyí tó bá pẹ́ lọ́nà, wọn kì í dúró dè é. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti parí. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń mi orí títí tó fi máa ṣe tán, wọn á wá béèrè bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po tíì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ṣíwọ́ àlàyé.

Ìpàdé parí lọ́sàn-án. Yàrá dákẹ́. Ó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí, ó fi ọwọ́ ra ibi tó ti há a, ó tún fi í sétí padà. Ìpàdé ilé wọn ló kù.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni. Onígbàjámọ̀ ni Bàbá nígbà tó lágbára; ó gẹrun fún bàbá, ó gẹrun fún ọmọ, ó sì gẹrun fún ọmọ ọmọ. Àìsàn dé lọ́dún tó kọjá. Nílé ìwòsàn, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kó lè mí, nígbà tí wọ́n sì yọ ọ́, dókítà sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí ohùn má padà. Láti ìgbà náà, Bàbá wà nílé pẹ̀lú olùtọ́jú, obìnrin kan tí àwọn ọmọ ń sanwó fún. Àwọn ọmọ jìnnà. Orí kọ̀mpútà ni wọ́n ti ń rí i.

Àyè kan ti wá yọ nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, nítòsí ibi tí Bàbá ti ṣiṣẹ́. Alábòójútó ibẹ̀ ní kí wọ́n fún òun lésì kí iṣẹ́ tó parí lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kí Bàbá lọ. Àbíkẹ́yìn máa ń fara mọ́ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá Ìpàdé nìkan ló fàáké kọ́rí. Ó ní Bàbá ò ní gbà láéláé kí wọ́n gbé òun kúrò nínú ilé tó fi abẹ́ àti àlùmọ́gàjí kọ́. Ó ní bí kò tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀ mọ́, òun mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Olùtọ́jú ti sọ fún un lórí fóònù pé Bàbá ń sọ̀rọ̀. Ó ní ohùn náà ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ pé òun fẹ́ lọ síbẹ̀. Ìyá Ìpàdé ní kó gbé fóònù sí Bàbá lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ ló gbọ́. Ó sọ fún obìnrin náà pé tí iṣẹ́ bá ti sú u, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó má fi ọ̀rọ̀ sí Bàbá lẹ́nu. Olùtọ́jú ní, ó dáa, Àǹtí.

Fèrèsé mẹ́rin là lójú ẹ̀rọ. Àbíkẹ́yìn wà nínú yàrá kan tí iná rẹ̀ pupa, ó ń yán. Ẹ̀gbọ́n ti wọ kóòtù, ó ti gẹrun. Bàbá jókòó sórí àga, ìrọ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀, fáànù ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí ariwo. Olùtọ́jú dúró tì í.

Wọ́n kí Bàbá. Ètè Bàbá mì. Kò sí ohùn.

Ẹ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀. Ó sọ iye ìgbà tí olùtọ́jú lè sùn ká má mọ̀, ó sọ ti àtẹ̀gùn ilé, ó sọ pé níbi tí nọ́ọ̀sì wà ni ọkàn òun á ti balẹ̀. Ètè Bàbá tún mì, ó sì pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tọ́ka sí i.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bàbá kàn ń jẹnu ni. A ò lè bi í, kò lè dá wa lóhùn. Àwa la máa pinnu."

Ìyá Ìpàdé ní òun ò pinnu bẹ́ẹ̀. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ, ilé, abẹ́, àlùmọ́gàjí, ó gbọ́ bí ohùn òun ṣe rẹlẹ̀ nínú ohun ìgbọ́rọ̀, bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ló wà tí olùtọ́jú, tó bẹ̀rẹ̀ láti tún ìrọ̀rí ṣe, fi bú sẹ́rìn-ín. Ó yára fi etí aṣọ bo ẹnu.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ẹ má bínú, sà. Kò sí nǹkankan."

Ìyá Ìpàdé sún mọ́ ojú ẹ̀rọ. "Kí ni Bàbá sọ?"

"Àǹtí, ẹ ti ní kí n má fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu."

"Sọ ọ́."

Olùtọ́jú wo Bàbá. Bàbá wo ibòmíràn, bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Wọ́n ní kí Bọ̀dá padà lọ gba owó wọn lọ́wọ́ ẹni tó gẹrun yẹn. Wọ́n ní apá kan orí ń lọ sọ́jà, apá kan jókòó sílé."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sórí kó tó mọ̀. Àbíkẹ́yìn sún mọ́ fèrèsé tirẹ̀ láti wò ó dáadáa, ó rẹ́rìn-ín títí oorun fi dá lójú rẹ̀. Lóòótọ́, apá òsì ga ju ọ̀tún lọ. Kò sí èyí tó rí i nínú wọn tẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìpàdé kò rẹ́rìn-ín. Olùtọ́jú lè fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sí Bàbá lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí. Kò tíì gẹrun fún ẹnikẹ́ni rí.

Ìyá Ìpàdé ló ra kọ̀mpútà Bàbá, òun ló tò ó, ó sì ti ṣe é kí òun lè máa ti ọ́fíìsì wọ inú rẹ̀. Ó wọ inú rẹ̀. Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń rí ohun tó ń wọ máìkì. Ìlà aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀. Ètè Bàbá mì; ìlà gbéra. Ètè dúró, ìlà sùn. Ó tún mì. Ìlà tún gbéra. Ohùn ń wọlé. Kò kàn ń jáde ni.

Ó mọ ibi tó ti ń sọnù kó tó débẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ìpàdé yìí, Ẹ̀gbọ́n ti ṣàròyé pé ariwo fáànù àti ayùn àwọn káfíńtà ilé kejì ò jẹ́ kí òun gbádùn. Ìyá Ìpàdé wá asẹ́ inú ẹ̀rọ lọ, èyí tó máa ń yọ ariwo kúrò nínú ọ̀rọ̀, ó sì fún un pinpin dé òpin. Bó ṣe máa ń ṣe é níbi iṣẹ́ nìyẹn, kò gbà á ní àsìkò. Fáànù dákẹ́. Ayùn dákẹ́. Gbogbo wọn ní ìpàdé ti mọ́ tónítóní, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Asẹ́ yẹn ò mọ bàbá ẹnì kankan. Ohun tó bá ti jọ ohùn ènìyàn, á jẹ́ kó kọjá. Ohun tó bá jọ atẹ́gùn, á dà á nù. Rọ́bà sì ti sọ ohùn Bàbá di ohun tó jọ atẹ́gùn.

Ó ṣí asẹ́ náà kalẹ̀.

Ariwo ya wọlé. Fáànù, ayùn, ẹsẹ̀ àga tó ń họ ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fa ohun ìgbọ́rọ̀ tirẹ̀ yọ, ó béèrè pé irú kí nìyí, ìwọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ ni.

"Ẹ dákẹ́," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́.

Lábẹ́ ariwo náà, nǹkan kan ń wọ́ bọ̀, bíi bàtà tí wọ́n ń wọ́ lórí yanrìn.

"...mo ti sọ fún ẹ pé wọn ò gbọ́. Má dá ara ẹ láàmú. Wọn ò gbọ́."

Olùtọ́jú ni Bàbá ń bá sọ̀rọ̀. Kò wo ẹ̀rọ.

"A ń gbọ́ yín, Bàbá," ni Ìyá Ìpàdé wí.

Bàbá yí orí padà díẹ̀díẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn.

"Láti ìgbà wo?"

Ìyá Ìpàdé wo ìlà aláwọ̀ ewé náà. "Ìsinsìnyí ni, sà."

Bàbá mi orí. Ó mí, ayùn gé igi kan tán lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó dáa. Mo fẹ́ lọ."

Ìyá Ìpàdé ní, Bàbá, ilé yín ńkọ́.

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Mi ò gbàgbé." Ó sinmi. "Ẹ̀ ń wá síbí, ẹ̀ ń wò mí lẹ́nu, ẹ̀ ń pa ẹ̀rọ. Lọ́hùn-ún, tí mo bá tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́, màá rí orí àwọn tí mo gẹrun fún rí wò."

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ ló rí gbà. Ó ní òun á pe alábòójútó. Ó tún fi ọwọ́ kan orí rẹ̀ lápá òsì. Àbíkẹ́yìn ń nu ojú, kò sì dá wọn lójú bóyá ẹ̀rín ni.

"Ẹ ṣé gan-an ni," Ìyá Ìpàdé sọ fún olùtọ́jú. "Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi."

Olùtọ́jú ní kò sí nǹkankan, Àǹtí. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún ọrùn aṣọ Bàbá ṣe.

Ẹ̀gbọ́n béèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí wọ́n dín ariwo fáànù kù díẹ̀. Ìyá Ìpàdé ní kò ṣeé ṣe.

"Ìwọ," Bàbá pè é. "Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yìí. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látọjọ́ yìí, ṣé ó wà níbì kan?"

Ó lè parọ́. Bàbá ò ní mọ̀. Ó rántí àwọn ọ̀sán tó ti jókòó síbí, tí ètè yẹn ń mì nínú fèrèsé kékeré, tí òun sì ń jẹun, tí òun ń dá àwọn ará ọ́fíìsì lésì pẹ̀lú ọwọ́ kejì.

"Kò sí níbì kankan, Bàbá."

Bàbá rò ó wò.

"Kò burú. Èébú ló pọ̀ jù nínú ẹ̀."

Olùtọ́jú rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá, ó gba gbogbo sípíkà. Ìyá Ìpàdé rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ẹ̀rín tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ tán. Ó fẹ́ béèrè ìyókù, èyí tí kì í ṣe èébú. Bàbá ti kọ ojú sí fáànù, ó ń wá èémí. Ìyá Ìpàdé dúró dè é.