Àpótí Mẹ́ta Lójú Kọ̀ǹpútà

Sutedjo tún fi ọwọ́ òsì ti abọ́ ẹ̀kọ ìrẹsì náà padà sọ́dọ̀ Lastri ìyàwó rẹ̀, ẹ̀kọ sì dà sórí tábìlì. "Bá... bá... bá," ni ó ń wí. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, ohùn kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

"Ṣé ìwọ náà rí i, Ratri?" Lastri fa àkísà yọ. "Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Oúnjẹ mi ti di ìríra lójú bàbá yìí."

Ratri, tó wá kí wọn, sún abọ́ náà kúrò létí tábìlì. Ọ̀gá rẹ̀ ni Sutedjo nígbà tí wọ́n jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún èbúté Semarang. Nígbà náà, wọn ò ní irinṣẹ́ ìyàwòrán kankan. Àmì ìròpọ̀ àti ìlà kéékèèké orí bọ́tìnì ni Sutedjo fi ń ya àpótí, tí yóò wá fi ọfà so wọ́n pọ̀. "Kọ́kọ́ yà á kí n rí i," ni yóò wí, èéfín sìgá kretek á máa rú nímú rẹ̀. "Ohun tí o ò bá lè yà, kò tíì yé ọ." Ẹ̀rín tí wọ́n rín nínú yàrá kótópó yẹn, tí òjò ń lu páànù, kò lóǹkà.

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ wá dí ńkọ́?

Ratri ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Ó ya àpótí kan, ó kọ "Ọ̀gá" sínú rẹ̀, ó fa ọfà yọ lára rẹ̀.

"Ọ̀gá, níbo ni ọfà yìí ń lọ?"

Sutedjo na ọwọ́ òsì sí bọ́tìnì. Ó wá ń pa "Ọ̀gá" rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọkàn Ratri bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìka òsì náà ò dúró, ó ń tẹ bọ́tìnì díẹ̀díẹ̀, títí tí tíì tó wà lórí tábìlì fi tutù.

```
+--------+     +-------+     +------
| Lastri |---> | jókòó |---> | jẹun
+--------+     +-------+     +---
```

"Kí ló kọ?" Lastri bi í.

"Wọ́n ní kí ẹ jókòó, Ìyá. Kí ẹ̀yin náà jẹun."

Àkísà dúró lọ́wọ́ Lastri. "Ta ló sọ fún un pé mi ò tíì jẹun?"

"Ẹnu wọn ló rọ, Ìyá. Ojú wọn ò rọ."

Lastri fa àga, ó jókòó. Ó fi ṣíbí bu ẹ̀kọ tútù náà, ó gbé e mì, ó tún bù. Sutedjo ń wò ó, kò sì pariwo mọ́.

Ratri bojú wo àwòrán náà. Àpótí tó gbẹ̀yìn ò pàdé. Láyé ijọ́un, Sutedjo ìbá ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó tún un yà títí ìlà yóò fi kan ìlà. Ìka Ratri ti dé orí bọ́tìnì kó tó fà á sẹ́yìn. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.