Ojú Tí Ẹ̀rọ Fò

Iṣẹ́ mi ni kí n máa pa ojú àwọn èèyàn rẹ́. Ẹ má ranjú mọ́ mi, ojú inú fọ́tò ni mò ń sọ. Ilé-iṣẹ́ wa máa ń ya àdúgbò ìlú òkèèrè, kí ẹni tí kò lówó ọkọ̀ òfuurufú lè jókòó sílé rẹ̀, kó máa rìn káàkiri níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń fi kùrukùru bo ojú gbogbo èèyàn tó bá rí, kí àlejò má baà dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Èyí tó bá fò, èmi ni n ó bò ó. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà lówó gọbọi!

Lọ́sẹ̀ yẹn, orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí mi sí ni wọ́n gbé síwájú mi, èyí tí èmi àti Màámi sá kúrò nígbà ogun. Àwọn sójà ti mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ ká tó sá. Láti ọjọ́ náà, Màámi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é lókùú. Tí mo bá ní ká gbàdúrà ìsinmi fún un, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o rí òkú ẹ̀ ni?" Inú a sì máa bí mi, torí kò jẹ́ ká sunkún ká sinmi.

Mò ń tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà, mò ń lọ síwájú ní òpópónà wa àtijọ́. Wọ́n ti kun gbogbo ilé, òdòdó wà lójú fèrèsé. Ẹ̀rọ ti bo ojú gbogbo wọn: onígbàjámọ̀, àwọn ọmọ iléèwé, obìnrin tó ń gbálẹ̀. Ó ku ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn wọn. Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣẹ́ẹ̀tì tí Màámi fi òwú pupa lẹ̀ léjìká ló wọ̀.

Mo tẹ̀ síwájú, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì, ó kọjú sí mi. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún sún mọ́ mi. Orí mi wú. Mo pe ọ̀gá wa, tí à ń pè ní Kíákíá.

"Ẹ̀rọ fò ó kẹ̀? Kì í fo alààyè o," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Bò ó, jọ̀ọ́. Ọ̀la la máa ṣí i fún àlejò."

Bí mo bá bò ó láìfi han Màámi, mi ò ní lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká sábẹ́ apá, ó di ilé.

Màámi wọ gíláàsì rẹ̀. Mo ti ń múra de ariwo ayọ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí, ó wá yíjú sí mi, ó fọwọ́ kan ewú orí mi.

"Ìwọ àbúrò ti hu ewú," ó ní. "Òun ò dàgbà."

Ó tún yíjú sí kọ̀ǹpútà.

"Wò ó, ojú ẹ̀ là sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a pa ojú dé lọ́jọ́ náà." Ó na ọwọ́ sí mi. "Báwo lẹ ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ yín?"

Mo di ìka rẹ̀ mú, a jọ fa kùrukùru náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti iwájú orí ẹ̀gbọ́n mi dé àgbọ̀n.

"Sùn," ni Màámi ń wí. "Sùn, ọkọ mi." Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sunkún.