Òkú Ọta

Pàṣán ti bà á lọ́rùn ọwọ́ kí Adéjọkẹ́ tó mọ̀ pé òun ti fa ìbọn. Ìbọn kò ké. Ká! ló dún, ẹnu ìbọn sì fò sókè bí adìẹ tó rí àṣá.

"O tún gbọ̀n," ni Bouraïma wí. "Òkú ọta ló wà nínú ẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí èéfín, síbẹ̀ o gbọ̀n. Kí lò ń sá fún?"

Ọdún karùn-ún Ìyípadà tí àwọn sójà fi gba ìjọba nìyẹn, gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àjàṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́ ìbọn yíyìn, Bouraïma sì ni sójà tó ń kọ́ wọn. Á kẹ̀yìn sí ọ, á ki ọta sínú ìbọn, ààyè pẹ̀lú òkú, ìwọ ò ní mọ èwo ló kàn. Tó bá jẹ́ ààyè, ariwo rẹ̀ á bo ìbẹ̀rù rẹ mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ òkú, gbogbo ayé á rí i pé ọwọ́ rẹ ti fò. Ìgbà yẹn ni pàṣán á sọ̀rọ̀. Ọrùn ọwọ́ Adéjọkẹ́ ti wú, awọ ibẹ̀ ti bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ sára ìdí ìbọn.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìbọn o. Olùkọ́ ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí kò pa eku rí. Ṣùgbọ́n Célestin, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní àtìmọ́lé ní káńpù àwọn sójà. Níbi ìpàdé àdúgbò ni ọmọ náà ti la ẹnu rẹ̀ tí kò nílẹ̀kùn, ó ní Ìyípadà tí wọ́n ń pariwo yìí kò tíì yí ìkòkò ọbẹ̀ ìyá òun padà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, àwọn sójà ti fi ìdí ìbọn yọ eyín rẹ̀, wọ́n wọ́ ọ lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá bọ́, kò ṣeé kó. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Célestin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín ló tàn án jẹ.

"Gba ife ìdíje ìbọn òní," ni Bouraïma ti ṣèlérí fún un. "Fi àwọn ará Avrankou àti Sèmè sẹ́yìn, èmi fúnra mi á lọ bá kọ́mándà. Wàá rí àbúrò rẹ."

Nígbà tí oòrùn gòkè, ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní pápá ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà. Ọta ìdíje, ààyè ni gbogbo wọn. Adéjọkẹ́ fi àyà lélẹ̀, ó fi ìdí ìbọn ti èjìká. Ó mí sínú, ó mí díẹ̀ síta, ó dá èyí tó kù dúró. Pátákó tí wọ́n ń yìnbọn sí lọ́ọ̀ọ́kán ṣú bàìbàì. Irin kékeré tó wà lórí ẹnu ìbọn nìkan ló ń wò. Ó wá parọ́ fún ara rẹ̀: òkú ni. Òkú ni èyí náà. Kí lèèyàn ń bẹ̀rù lára òkú? Ó ń fà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọsàn sẹ́nu ọmọ ọwọ́. Ìbọn bú. Ariwo náà bá a lójijì, bó ṣe yẹ kó bá ẹni tó mọ ìbọn yìn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é títí dé òpin. Nígbà tí wọ́n gbé pátákó dé, àwọn ihò inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gun ara wọn. Ọkùnrin Avrankou tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀, pé kó padà sídìí ààrò, tutọ́ sílẹ̀. Pápá hó yèè.

Inú àwọn àlejò ńlá tó wá wo ìdíje dùn. Wọ́n ní kí Bouraïma múra láti fi ọ̀nà tó gbà kọ́ obìnrin yìí han àwọn, káwọn kọ́kọ́ mu bíà díẹ̀ ná. Ó kẹ̀yìn sí i bí ìṣe rẹ̀, ó ki ààyè pẹ̀lú òkú sínú ìbọn, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Dúró dè wọ́n."

"Ṣẹ́fù, ẹ jọ̀wọ́, nígbà wo ni Célestin ń bọ̀?"

Bouraïma wo ọ̀sà. Ó wo bàtà ara rẹ̀.

"Ó ti kú," ló wí. "Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n nà án, nà án, kò mí mọ́."

"Ẹ sì mọ̀."

"Bí mo bá sọ fún ọ, ṣé ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn! Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ṣe é lóore. Inú Adéjọkẹ́ gbóná, ó kọjá ẹkún. Ó dìde, ó fi ìdí ìbọn ti èjìká, ó mí díẹ̀ síta, ó dá èyí tó kù dúró. Àyà Bouraïma ṣú bàìbàì lẹ́yìn irin kékeré náà.

"Kámáráàdì... Adéjọkẹ́, jọ̀ọ́, má..."

Ó fà á.

Ká!

Bouraïma ti wó lulẹ̀, ó di àyà tí nǹkan kan ò ṣe mú, ìtọ̀ ń ṣàn wọnú bàtà rẹ̀. Kí Adéjọkẹ́ tó lè fa ọta mìíràn wọlé, àwọn sójà ti bò ó. Ìdí ìbọn balẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, bàtà balẹ̀ níhà rẹ̀, ó gbọ́ tí egungun kan ṣẹ́. Ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀, eyín kan sì bá a jáde, bíi ti Célestin.

Ẹnu ìbọn kò mì nígbà tó fà á. Ó rí i dájú, kò mì rárá. Ìyẹn dùn mọ́ ọn díẹ̀, lábẹ́ bàtà níbẹ̀, bó ṣe máa ń dùn mọ́ ọmọ iléèwé tó dáhùn ìbéèrè bó ṣe tọ́. Ẹ̀yìn náà ló tó rántí pé, lọ́tẹ̀ yìí, òun ò sọ fún ara òun pé òkú ọta ni.