Ẹnu Aláàwẹ̀

Ọjọ́ Ajé ni eyín mi já sínú dàbínù. Mo ti gbààwẹ̀ láti ìdájí, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú yàrá mi ní Ajégúnlẹ̀, mo ń dúró de ládàánì. Bó ṣe pe ìrun Màgàríbì, mo ju dàbínù kan sẹ́nu, mo jẹ ẹ́, mo sì rí i pé kóró méjì ni mo tu sọ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ kóró dàbínù. Èkejì jẹ́ eyín mi, ti òkè, lápá ọ̀tún. Kò dùn mí rárá, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù.

Mo wò yíká kí n lè rẹ́ni fi hàn. Mirabel, ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti máa ń tì í tí mo bá ti jáde wá jókòó, mo sì ti gbà pé ẹ̀fọn ló ń sá fún. Mo fi bébà wé eyín náà, mo tì í sápò, mo kírun, mo jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú tíì, mo sì lọ sùn.

Àlíù lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe dírébà fún ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Edwin, máníjà nílé iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù. Láti ilé rẹ̀ ní GRA Àpápá ni mo ti máa ń gbé e lọ sí Kírikírì, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù láti inú ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ, màá sì gbé e padà nírọ̀lẹ́. Kì í ṣèèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó gbẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí gíláàsì wálẹ̀ nígbà tí ésì tó ń mú inú ọkọ̀ tutù ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn. Atẹ́gùn wo, lójú títì tí tírélà ti ń tú èéfín? Mo rò ó pé ọ̀gá ti ń darúgbó ni. Nígbà tó yá, ó ní èmi ni mo ti ń darúgbó, pé kí n lọ sinmi, ó fún mi ní ẹ̀bùn, ó sì gba dírébà mìíràn.

Ramlah ìyàwó mi ti kú kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló dé báyìí. Ìwó la ti jọ wá sí Èkó, ẹnu obìnrin náà sì mú. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á gbọ́wọ́ sókè, á ní, “Ẹ lọ fọ ẹnu yín kí n tó kí yín.” Kò fò ọ́ lọ́jọ́ kan rí. Bí mo bá sì bínú, tí mo ní ṣé ẹnu mi ń rùn ni, á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń rùn. Á wá rẹ́rìn-ín, á ní ẹlẹ́nu rírùn ló ni àmù ìyá rẹ̀, òun sì ni àmù, òun ò níbi tí òun ń lọ, àmọ́ kí n kọ́kọ́ lọ fọ̀ ọ́ ná. Màá máa kùn, màá mú orín, màá sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Lẹ́yìn tó kú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀ ọjọ́ Ajé àti Àlàmísì. Kí n má purọ́ mọ́ Ọlọ́run, kì í ṣe ìbẹ̀rù Rẹ̀ nìkan. Oúnjẹ àdájẹ kì í dùn lẹ́nu mi, ẹni tó bá sì ń gbààwẹ̀ kò ní máa ronú ohun tó máa dá sè lọ́sàn-án. Ìgbà tó yá, mo fi Jímọ̀ kún un. Mo mọ̀ pé ẹnu mi ń rùn díẹ̀, n kò ya òmùgọ̀. Àmọ́ wọ́n ti kọ́ wa ní ilé kéú pé òórùn ẹnu aláàwẹ̀ dùn lọ́dọ̀ Ọlọ́run ju lọ́fínńdà mísíkì lọ, mo sì ń gbé òórùn náà kiri bí oyè. Bí mo bá rí ẹni tó fọwọ́ kan imú, màá sọ nínú ara mi pé ìwọ lo ò gbààwẹ̀.

Mùsílíù, tí èmi àti ẹ̀ ti jọ ń fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ nínú ìrun láti nǹkan bí ogún ọdún, ti sún lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Ó ní fáànù ń yọ òun lẹ́nu. Bí a bá sì pàdé lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, á kí mi láti òkèèrè, á na Tọ́mtọ́m sí mi. Tọ́mtọ́m tí mo ní nílé nígbà yẹn tó láti pàtẹ.

Ṣùgbọ́n ti Ruqoyah, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ló dùn mí jù. Olódì-Àpápá ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Nígbà tó bí Usamah lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo ti ṣàlùwàlá, mo ti na ọwọ́ méjèèjì kí n gba ọmọ, kí n pe ìrun sí i létí. Ó gbé ọmọ kọjá níwájú mi, ó gbé e fún bàbá ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ó ti rẹ̀ yín, ẹ jókòó.” Kò rẹ̀ mí. Mo jókòó, mo ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń pe ìrun sétí ọmọ ọmọ mi, mo sì ń wá inú ara mi wò, kí n mọ ohun tí mo fi ṣẹ ọmọ mi. N kò rí i.

Lásìkò tí eyín mi já yìí, ó ti tún wà nínú oyún, oyún náà sì ti wọ oṣù kẹsàn-án. Àdúrà kan ṣoṣo ni mò ń gbà lẹ́yìn ìrun, pé kí wọ́n gbé eléyìí lé mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú eyín mi, mo lọ sí ilé ìwòsàn eyín kan ní Olódì, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Dókítà tí mo bá níbẹ̀ ń jẹ́ Chiamaka. Ọmọ Ìbò ni, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Mo tú bébà, mo bi í bóyá ó lè dá eyín náà padà sáyè rẹ̀. Ó ní rárá, ó sì bi mí bóyá ìbéèrè mìíràn wà.

Ìbéèrè wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó wọn jọ, n kò rẹ́ni bi ni. Mo bi í bóyá lóòótọ́ ni pé bí wọ́n bá yọ eyín òkè, ojú á fọ́. Ó ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo bi í bóyá orín dára tó búrọ́ọ̀ṣì. Ó ní orín dára tí èèyàn bá mọ̀ ọ́n lò, tó sì dé eyín ẹ̀yìn, àmọ́ búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ rọrùn jù, kí n fi ọṣẹ ìfọyín sí i, láàárọ̀ àti kí n tó sùn. Mo sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lápá ọ̀tún tí mo bá ń fọ ẹnu, pé mo ti yọwọ́ nínú apá yẹn kó lè sinmi. Ó mi orí. Ó ní ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ló yẹ kí n máa fọ̀ jù, jẹ́jẹ́, torí ìdọ̀tí tí mo fi sílẹ̀ síbẹ̀ ló ń jẹ èrìgì mi. Inú mi ń dùn bó ṣe ń dá mi lóhùn. Ó ti tó oṣù kan tí ẹnikẹ́ni kò ti jókòó tì mí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ ẹnu mi wò, ó wá bi mí ìgbà tí òórùn ẹnu mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ààwẹ̀ ni. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fa àga mọ́ra, ó jókòó.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe ààwẹ̀. Òórùn ààwẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti jẹun, tẹ́ ẹ fọ ẹnu, ó ti lọ nìyẹn. Tiyín ò lọ. Èrìgì yín ló ti ń jẹrà. Ẹnu yín ń rùn, Bàbá, ó ń rùn gan-an. Ta lẹ̀ ń bá gbé nílé?”

Mo dìde lórí àga náà. Mo ti ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ látàárọ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ mo sọ ọ́ di ìwọ lójijì. Mo ní mo bí i lẹ́ẹ̀mejì, pé kò yẹ kí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ sí àgbà, pé Ọlọ́run ló mọ iye ààwẹ̀ mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo sì gbàgbé eyín mi sórí tábìlì rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé. Ní ìdajì ọ̀nà ni inú mi rọ̀, ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì ọkọ̀ ọ̀gá. Fáànù Mùsílíù. Tọ́mtọ́m. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ Usamah, mo dúró sójú kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ojú tì mí débi pé mo fi ọwọ́ bo ẹnu láàárín àwọn tí kò mọ̀ mí rí.

Bí mo ṣe délé, mo mí sínú àtẹ́lẹwọ́, mo gbóòórùn rẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kan ilẹ̀kùn Mirabel, mo sún sẹ́yìn dáadáa, mo sì ní kó sọ òtítọ́ fún mi. Ó wolẹ̀. Ó ní, “Baba, na small thing, no mind,” ó sọ ọ́ láì mí, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo jókòó nínú yàrá, mo bú Ramlah. N kò bú u rí láti ìgbà tó ti kú. Mo ní kí ló dé tí kò fi ẹnì kan sílẹ̀ tí á máa sọ fún mi. Gbogbo èèyàn ló mọ̀, láti Kírikírì títí dé Olódì, èmi tí mo ni ẹnu nìkan ni kò mọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi rò ó pé ọ̀fọ̀ ló sọ mí di ẹni tí kò lẹ́nìkan, pé bí ayé opó ṣe rí nìyẹn. Ó dùn mí wọ egungun.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà. Dókítà kò sọ ohunkóhun nípa àná, ó kàn tọ́ka sí àga. Mo jẹ́wọ́ ẹ̀rù kan tó kù fún un. Ramlah ti bẹ̀ mí títí pé kí n lọ jẹ́ kí wọ́n fi irin họ eyín mi, mo sì kọ̀, torí wọ́n ní bí wọ́n bá họ ọ́, eyín á máa mì. Ó ní eyín mi ti ń mì tẹ́lẹ̀, ìdọ̀tí tó ti gan tó sì ti le bí òkúta ló ń tú u lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òun náà ló sì ń bò ó mọ́lẹ̀ tí n kò fi mọ̀. Ó họ apá kan lọ́jọ́ yẹn, ó họ èkejì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ tí n kò gbààwẹ̀. Ó yọ eyín kan tí kò sí àtúnṣe fún mọ́. Ó dùn mí, ẹ̀jẹ̀ jáde, ojú mi kò sì fọ́. Ó ní kí n máa fọ ahọ́n náà, ó sì ní kí n lọ yẹ ara wò bóyá mo ní ìtọ̀ ṣúgà, torí ó máa ń ba èrìgì jẹ́. N kò ní in.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láàárọ̀ Jímọ̀, ọkọ Ruqoyah pè mí pé ó ti bí obìnrin. Mo fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣàlùwàlá, mo lọ bá wọn nílé ìgbẹ̀bí. Bàbá ọkọ rẹ̀ ti dé ṣáájú mi, ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ruqoyah gbé ọmọ sọ́wọ́, ó wo bàbá ọkọ rẹ̀, ó wò mí, ojú rẹ̀ sì sá. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ ọkọ rẹ̀ àti bàbá ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n fún èmi àti ọmọ mi láyè díẹ̀. Wọ́n jáde.

Mo bi í láti ibi tí mo dúró sí. “Ruqoyah, ṣé ẹnu mi ń rùn?”

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ta ló sọ fún yín?”

Mo ní dókítà ni, pé kí ló dé tí kì í ṣe òun.

“Màmá ló ní n ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kí wọ́n tó kú, wọ́n ní ojú máa ń tì yín jù, pé tí ẹlòmíì bá sọ ọ́, ẹ ò ní jáde síta mọ́. Wọ́n ní àwọn nìkan lẹ lè gbà á lẹ́nu wọn.”

N kò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n tẹ̀ ba, kí n mí. Mo tẹ̀ ba, mo mí sí i lójú, kò yí orí.

“Ó ṣì ń rùn díẹ̀, Bàbá,” ó ní. “Àmọ́ kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.”

Ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Mo pe ìrun sí i létí ọ̀tún, mo rọra pè é. Ọmọ náà ń sùn lọ.

Nígbà tí mo délé lálẹ́, yàrá náà ṣì rí bó ṣe máa ń rí, bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan. Mirabel ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo dá jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo kí Àsùbáà tí mo sì tún sùn lọ, fóònù jí mi. Ruqoyah ni. Mo gbé e, mo ní ṣé àlàáfíà ni, ọmọ ńkọ́?

Ó ní, “Bàbá, ẹ lọ fọ ẹnu yín kí n tó kí yín.”

Ó sì gé fóònù. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún díẹ̀, mo wá dìde lọ wá búrọ́ọ̀ṣì mi.